Sẹ́ẹ̀lì haidirójìn inú ọkọ̀ tó ń gbóná jù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ooru àti omi KOH

Awakọ̀ Jẹ́jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fọwọ́ ara mi ṣe sẹ́ẹ̀lì haidirójìn kan, tó ń fi iná ya omi sí gáàsì haidirójìn àti ọ́síjìn, mo sì ti so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi tó ń lo bẹntiróò. Pléètì méje ni, stainless 316L ni gbogbo wọn. Èyí tó wà ní ìpẹ̀kun kan gba wáyà pósítíìfù, ti ìpẹ̀kun kejì gba nẹ́gétíìfù, márùn-ún àárín ò gba wáyà kankan. KOH (pọtásíọ̀mù haidirọ́sáìdì, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí omi lè gbé iná) ni mo pò mọ́ omi.

Láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, 12A (ámúpù méjìlá) ni mítà máa ń kà. Tí mo bá fi máa rìn tó bíi wákàtí kan, ó ti di 25A, táǹkì ò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́, fóòmù funfun á sì máa gun inú páìpù lọ sínú bọ́bùlà (ìgò omi tí gáàsì ń gbà kọjá kó tó dé ẹ́ńjìnnì). Tí mo bá dín KOH kù, gáàsì á kéré. Tí mo bá fi kún un, a tún padà síbi tá a ti ń bọ̀. Ṣé kí n wá rédíétọ̀ kékeré kan so mọ́ ọn ni?

Bàbá Rédíétọ̀

Má tíì wá rédíétọ̀ kankan, àbúrò. Mo mọ̀ pé orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí á mú kó dà bíi pé òun ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ooru ti ń wá ká tó máa sọ bá a ṣe máa lé e.

Àlàfo kọ̀ọ̀kan láàárín pléètì méjì, sẹ́ẹ̀lì kan ni. 1.48V ni àlàfo kan nílò láti ya omi sí haidirójìn àti ọ́síjìn láìgbóná láìtutù. Gbogbo fóòtì tó bá lé lórí 1.48 yẹn, ooru ló ń dà, kò sí ohun míì tó ń fi ara ẹ̀ ṣe. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná inú ọkọ̀) á máa gbé nǹkan bí 13.8V sí 14.4V jáde. Pín 13.8 sí àlàfo mẹ́fà tó o ní, 2.3V ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yọ 1.48 kúrò, ó ku 0.82V. Tí 15A bá ń kọjá, 0.82 lọ́nà mẹ́fà lọ́nà 15, bíi wáàtì 74 ló ń di ooru nìyẹn.

Ẹni tó kàn ki pléètì méjì bọ inú ike, tó wá fún un ní gbogbo 13.8V ńkọ́? 15A kan náà á fún un ní ooru wáàtì 185, gáàsì tó máa rí ò sì ní ju ìdá kan nínú mẹ́fà tìrẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ike onípléètì méjì tí wọ́n ń gbé kiri nínú fídíò fi máa ń hó yaya, tí ẹni tó ń wò ó á rò pé gáàsì lásán ló ń yọ.

Tìrẹ ò burú. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, màá fi pléètì kan kún un kó lè di àlàfo méje. 13.8 sí ọ̀nà méje jẹ́ 1.97V. Ooru lórí 15A á wálẹ̀ látorí wáàtì 74 sí bíi 51, gáàsì á tún lé díẹ̀ sí i, torí 15A kan náà ló ń la àlàfo méje kọjá dípò mẹ́fà. Ohun tó máa gbà lọ́wọ́ ẹ ni pé KOH gbọ́dọ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí 15A yẹn tó lè kọjá, torí fóòtì tó ń tì í ti dín kù. Má ṣe é di àlàfo mẹ́jọ o. 1.73V ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí omi bá sì tutù, iná tó máa gba ibẹ̀ kọjá ò ní tó nǹkan.

Wáàtì 74 lè máà jọ ẹ́ lójú. Fi sínú omi lítà kan àtààbọ̀ tí kò ríbi tú ooru dà sí, wákàtí kan ṣoṣo á fi ìwọ̀n tó lé ní 40°C kún un. Omi tó wà ní 30°C láàárọ̀ ti lé ní 70°C kó o tó débi tó ò ń lọ.

Awakọ̀ Jẹ́jẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n kí ló ń mú kí ámúpù fúnra ẹ̀ máa gòkè? Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan lójú ọ̀nà.

Ìyá Kẹ́míkà

Omi KOH tó gbóná máa ń gbé iná ju èyí tó tutù lọ, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìwọ̀n 1°C kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń gbóná ni iná ń pọ̀, bí iná ṣe ń pọ̀ ni ó ń gbóná sí i. Ó ń ti ara ẹ̀ ní ìtìkutì, kò sì ní dúró títí á fi hó tàbí kí fíúsì já.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìgbà tí omi bá gbóná tán ni kó o máa fi mítà ṣe ìpinnu, kì í ṣe ìgbà tó tutù. Tó bá jẹ́ 15A lo fẹ́, pò ó kó jẹ́ pé 15A ló máa kà nígbà tí táǹkì bá wà ní 50°C. Ó lè má ju 8A lọ láàárọ̀. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń ké ooru níbí, 15A ni wọ́n ṣètò sí nígbà tó tutù, tí wọ́n wá ń retí pé kó dúró síbẹ̀.

Bó o ṣe máa pò ó rèé. Bẹ̀rẹ̀ láti 30g sínú lítà omi kan. Tan án, jẹ́ kó gbóná dáadáa, ka mítà. Tí kò bá tíì tó, pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó tutù, fi 10g kún un fún lítà kọ̀ọ̀kan. Má ṣe kánjú. KOH ni kó o máa dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, má da omi lé KOH lórí láéláé, á ta sí ẹ lójú. Yíyọ́ lásán tó ń yọ́ yẹn, ooru ni: 100g nínú lítà kan á gbé omi náà sókè tó bí 20°C kó o tó so wáyà kankan mọ́ ọn. Ike tó lágbára ni kó o ti pò ó, kì í ṣe abọ́ alumíníọ̀mù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú pátá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Tó bá kán sí ojú, omi tó ń ṣàn ni kó o fi máa ṣan án fún 15 sí 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán, má fọwọ́ ra á, kó o tó máa lọ sílé ìwòsàn.

Ohun kan tún kù. KOH kì í tán. Omi ló ń tán. Tí táǹkì bá lọ sílẹ̀, omi nìkan ni kó o bù sí i. Ẹni tó bá ń bu omi KOH sí i ní gbogbo ìgbà, ó ń mú un nípọn sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni, ẹnu á sì máa yà á pé ooru ń pọ̀. Omi bátìrì tí kò ní ásíìdì nínú ni kó o lò. Omi ẹ̀rọ ní kálísíọ̀mù tó ń lẹ̀ mọ́ pléètì, ó tún ní kúlóráìdì tó ń jẹ stainless.

Sọ́kẹ́tì 17

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, àlàyé yín ti gùn jù. Kó ra PWM (ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso bí iná ṣe ń lọ), kó gbé e sí 15A, ọ̀rọ̀ parí.

Wáyà Pupa

Kò parí, ọ̀gá mi. PWM dáa fún ohun kan: kò ní jẹ́ kí ámúpù sá lọ nígbà tí omi bá gbóná. Àmọ́ kì í mú ooru kúrò, ó tilẹ̀ lè fi kún un. Títàn àti pípa ló ń fi iná ṣe, ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí mítà bá ń kà 15A, tó sì jẹ́ ìdajì àkókò ló fi ń tàn, 30A ló ń gba inú omi kọjá nígbà tó bá tàn. Ooru tí wáyà àti omi ń dá sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń dènà iná, ámúpù lọ́nà ámúpù ló ń bá rìn: 15 lọ́nà 15 jẹ́ 225, 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 450. Ìlọ́po méjì nìyẹn, lórí gáàsì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí iye pléètì àti bí omi ṣe nípọn to gbé ámúpù sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́, kí PWM wà níbẹ̀ bí odi lásán, kó jẹ́ pé kò ní máa gé nǹkan kan lọ́jọ́ tó bá dáa.

Ti wáyà: 6mm² ni kó o lò, fíúsì 30A lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Rílè tó ń tan sẹ́ẹ̀lì, má so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan. So ó mọ́ súwíìṣì tó ń mọ ìfúnpá ọ́ìlì, kó lè jẹ́ pé tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní títàn, sẹ́ẹ̀lì náà á kú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gáàsì á máa kún inú páìpù afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fà á, o sì tún máa wá tan ẹ́ńjìnnì padà lé e lórí. Fi súwíìṣì ooru 60°C sí ojú wáyà rílè kan náà. Kékeré ni, òun ló sì ń gba gbogbo nǹkan yòókù là.

Sọ́kẹ́tì 17

Ti 30A yẹn yé mi. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ 60°C gan-an? Tèmi ń lọ sí 80°C, gáàsì tó ń mú jáde níbẹ̀ pọ̀ ju ti ìgbà tó tutù lọ fíìfíì. Mo fi ìgò wọ̀n ọ́n.

Ìyá Kẹ́míkà

Omi lò ń wọ̀n, àbúrò mi. Gáàsì tó bá gba inú omi tó wà ní 60°C jáde, tó bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ omi tó ti di èéfín omi. Ní 80°C, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ọ̀nà tó o lè gbà mọ òótọ́ wà: 1A tó bá gba inú àlàfo kan kọjá fún wákàtí kan ò lè mú ju bíi 0.63 lítà haidirójìn àti ọ́síjìn lápapọ̀ jáde ní 0°C, tàbí bíi 0.68 ní 25°C. Òfin Faraday ti ọdún 1834 nìyẹn, kò sí pléètì tó lè yẹ̀ ẹ́. 15A nínú àlàfo mẹ́fà, bíi lítà kan ní ìṣẹ́jú kan ni òpin ẹ̀. Ẹni tó bá kà ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ámúpù yẹn, kó jẹ́ kí gáàsì náà tutù kó tó wọ̀n ọ́n.

Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ tún lè sọ ọ́ fún ẹ. Lórí 15A àti àlàfo mẹ́fà, omi tó yẹ kó di gáàsì ò ju bíi 30g lọ ní wákàtí kan. Tí táǹkì bá ń lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ooru tàbí fóòmù ló ń kó o lọ, inú ẹ́ńjìnnì ló sì ń kó o lọ.

Láfikún, páìpù àti ike PVC máa ń rọ̀ ní àyíká 60°C.

Ọmọ Pléètì

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí lára sẹ́ẹ̀lì ọ̀rẹ́ mi kan. Pléètì méje, bíi tìrẹ, Awakọ̀. Ìpẹ̀kun kan gbóná gan-an, ìyókù lọ́ wọ́ọ́rọ́. A gbé ẹnu mítà lé etí pléètì kìn-ín-ní àti ìkejì, 2.1V. Ìkejì sí ìkẹta, 2.1V. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ̀ títí tá a fi dé àlàfo tó kẹ́yìn: 3.4V. Nígbà tá a tú u, gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti yẹ̀ wálẹ̀ bo ihò ìsàlẹ̀ pléètì, omi ò wọlé mọ́. Gáàsì ló kún ibẹ̀, omi díẹ̀ tó kù ló ń gbé gbogbo 15A. Etí gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ti dúdú, ó ti le gbagidi.

Torí náà kó o tó pààrọ̀ ohunkóhun, fi mítà wọn àlàfo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Tí wọn ò bá jìnnà síra, omi àti iye pléètì ni ọ̀rọ̀ rẹ. Èyí tó bá ga dá wà, omi ò débẹ̀. Èyí tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní fóòtì kankan, pléètì méjì ti fara kanra.

Má sì jẹ́ kí ihò inú pléètì tóbi jù. Iná máa ń gba inú ihò yà kúrò lọ́nà láìkan àwọn pléètì àárín, bí omi bá sì ṣe nípọn tó ni yíyà náà ń pọ̀ tó. Ooru nìyẹn láìsí gáàsì.

Awakọ̀ Jẹ́jẹ́

Mo ti wọ̀n ọ́n. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà láàárín 2.2V sí 2.4V. Á jẹ́ pé omi àti pléètì ni. Táǹkì ńkọ́? Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló wà, lẹ́bàá ibi tí páìpù èéfín ti ń kọjá, torí ibẹ̀ nìkan ló láyè.

Bàbá Rédíétọ̀

Áà! Gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. O ò lè máa tú ooru dànù síbi tó gbóná ju ohun tó ò ń tú lọ. Wá àyè níwájú, lẹ́yìn bọ́ńpà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá kọlù ẹ́ ò ní fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Táǹkì gbọ́dọ̀ ga ju sẹ́ẹ̀lì lọ. Páìpù tó ń gbé omi wálẹ̀ láti ìdí táǹkì á wọ ìsàlẹ̀ sẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń gbé gáàsì jáde lókè á padà sínú táǹkì. Gáàsì tó ń gòkè á máa fa omi tẹ̀ lé ara ẹ̀, omi á máa yí po fúnra ẹ̀ láìsí ẹ̀rọ. Jẹ́ kí páìpù méjèèjì fẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kéré ju 12mm nínú lọ. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ kí omi inú sẹ́ẹ̀lì hó nígbà tí omi táǹkì ṣì tutù.

Tó o bá ṣe gbogbo ìyẹn tó ṣì ń kọjá 60°C, ìgbà yẹn la wá lè sọ̀rọ̀ rédíétọ̀. Kì í sì ṣe ti alumíníọ̀mù! KOH máa ń jẹ alumíníọ̀mù, haidirójìn á máa yọ lára ẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́, títí á fi lu. Onídẹ náà, léèdì tí wọ́n fi jó o ò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ni síǹkì tó wà nínú idẹ. Páìpù stainless tó o ká, tí fáànù kékeré kan ń fẹ́ sí, òun ni kó o lò.

Sọ́kẹ́tì 17

Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé kò ní dáa kéèyàn kúkú lo iyọ̀ tàbí sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì? Wọn kì í jó èèyàn lára.

Ìyá Kẹ́míkà

Iyọ̀ máa ń mú kúlórínì jáde, gáàsì olóró ni, á jẹ ẹ́ńjìnnì, á jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Sódà búrẹ́dì á máa mú kábọ́ònù dayọ́sáìdì jáde mọ́ gáàsì tó ò ń wá, ó sì máa ń yọ kúrómíọ̀mù láti ara stainless sínú omi. Tí omi bá ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kúrómíọ̀mù tó ń fa jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó rí bíi írin tó dípẹtà ni, ara írin pléètì ló ń ṣí. Inú KOH náà, tí fóòtì bá pọ̀ jù lórí àlàfo kan, ó lè ṣẹlẹ̀. Má da irú omi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí sínú kòtò. Rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí, kọ ohun tó jẹ́ sí i lára, fi lé àwọn tó ń gba pàǹtírí kẹ́míkà lọ́wọ́.

Kọ́sítíìkì sódà náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ KOH ń gbé iná ju ú lọ. Èyí tó bá ti wà nínú táǹkì pẹ́ á máa fa kábọ́ònù dayọ́sáìdì látinú afẹ́fẹ́, á máa dín agbára ẹ̀ kù. Tó o bá rí i pé ámúpù ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ooru ò yí padà, pààrọ̀ gbogbo omi náà, má fi KOH tuntun kún ti àtijọ́.

Wáyà Pupa

Kí ẹnì kankan má tíì béèrè, èmi á dá a lóhùn: rárá, kò ní sọ omi di epo fún ẹ. 15A lórí 14V jẹ́ wáàtì 210, inú epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó ni alternator ti ń rí i. Haidirójìn tó ń jáde ò ní dá gbogbo ẹ̀ padà. Nípìńlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ sọ ní 1996 pé jìbìtì ni ọkọ̀ Stanley Meyer tó ní omi ló fi ń rìn, wọ́n sì ní kó dá owó àwọn tó kówó lé e padà. Ẹni tó bá ń ṣe é torí kó kọ́ iṣẹ́, ó dáa. Ẹni tó bá ń ṣe é torí kó má ra epo mọ́, kó jókòó jẹ́jẹ́.

Ọmọ Pléètì

Ẹ̀gbọ́n Wáyà ti sọ̀rọ̀! Ẹ jẹ́ kí n padà sórí fóòmù tí Awakọ̀ ní ó ń wọ bọ́bùlà. Omi tó nípọn jù, ọ́ìlì tó kù lára pléètì tuntun, àti táǹkì tó kún dé ẹnu ló sábà máa ń fà á. Fi ọṣẹ fọ pléètì, ṣan án dáadáa títí ọṣẹ á fi tán, torí ọṣẹ fúnra ẹ̀ ń ṣe fóòmù. Má bu omi kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta táǹkì. Ṣùgbọ́n táǹkì ńlá tó ní omi díẹ̀ nísàlẹ̀ burú jùyẹn lọ, torí gbogbo àyè òkè yẹn, gáàsì tó lè bú gbàù ló kún un. Haidirójìn máa ń gbiná láti ìdá 4 títí dé 75 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, iná tín-ín-tín tí ojú ò lè rí ti tó láti tan án. Táǹkì kékeré, àyè kékeré, ìdérí tó lè já kúrò kí táǹkì má fọ́.

Bọ́bùlà ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ láéláé, òun ni kì í jẹ́ kí iná padà láti ẹ́ńjìnnì wá bá táǹkì. Máa fi bébà tó ń mọ ásíìdì yẹ omi inú ẹ̀ wò. Tó bá ti di búlúù gan-an, KOH ti kọjá síbẹ̀, ohun tó kàn ni alumíníọ̀mù ẹnu ẹ́ńjìnnì. Dà á nù, fi omi tuntun sí i.

Awakọ̀ Jẹ́jẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Táǹkì ti kúrò níbẹ̀, mo ti ń gé pléètì kẹjọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ṣé EPDM ni àbí Viton (oríṣi rọ́bà méjì)? Ẹni tó ń tà á ní Viton ló wọ́n jù, pé òun ló dáa.

Ìyá Kẹ́míkà

EPDM. Viton dáa fún epo àti ọ́ìlì, àmọ́ KOH tó gbóná máa ń bà á jẹ́.

Bàbá Rédíétọ̀

Tó o bá ń dì í, fún bóòtì kan, kó o bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni. Kó o tó da KOH sí i, fi omi lásán kún un, gbé e kalẹ̀ mọ́jú, kó o wò ó láàárọ̀ bóyá ó ń jò.